Bí omi ṣe yé jó lára mi nígbà eré sísá gígùn

Ìgò omi tí mo dì mọ́wọ́ kò burú fún eré sísá kúkúrú, àmọ́ tí ọ̀nà bá jìn, apá kan á máa ro mí. Bẹ́líìtì ìdí tí wọ́n ń fi ìgò omi há ní tiẹ̀ ń fò sókè sódò, ó sì ń bó mi lára. (Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni!)

Ẹ̀wù aláìlápá tó fún mọ́ra, tó ní àpò níwájú àyà fún ìgò rírọ̀ oní-mílílítà 500 méjì, ló yanjú ẹ̀. Tí mo bá rọ omi sí i tán, mo máa ń dé e, mo máa ń gbé e dúró kí ẹnu ẹ̀ wà lókè, kí n tó fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde. Omi ò ró gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ mọ́, torí bí mo ṣe ń mu ún ni ìgò ń sún kì. Tí omi bá ti dín, mo máa ń tún okùn àyà fà le díẹ̀.