Bí mo ṣe pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà mi kí láìfù mi yéé dúró

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ ń gbá ni àbí fọ́tò lẹ ń yà?" Ọmọ kan ló kọ ọ́ sábẹ́ láìfù mi, ìyẹn eré tí mò ń gbé jáde ní tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ni àwọn yòókù bá bú sẹ́rìn-ín. EA Sports FC, eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, ni mo máa ń gbá lórí Twitch, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń wo irú eré bẹ́ẹ̀, Yorùbá ni mo sì fi ń sọ bí eré ṣe ń lọ, bíi ti àwọn ará rédíò. Nínú yàrá mi níbí l'Ákùúrẹ́, eré ń lọ geere lójú tèmi. Lójú àwọn tó ń wò, agbábọ́ọ̀lù á gbẹ́sẹ̀ sókè, á dúró bí ère, kó tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ta ni kò ní dá a lẹ́bi? Mo ra dátà iléeṣẹ́ míì, mo gbé ráútà lọ sójú fèrèsé, owó lọ, láìfù ò yí padà. Àbúrò mi tó ń kàwé ní FUTA ló wá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀dá mi, kí ni OBS fúnra ẹ̀ wí?" OBS ni ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gbé láìfù jáde, mi ò sì bi í ní nǹkan kan rí.

Lókè OBS, ẹ tẹ Docks, kí ẹ yan Stats. Ìlà mẹ́ta ni kí ẹ wò níbẹ̀. Dropped frames ni ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Rendering lag ni ti káàdì gíráfíìkì. Encoding lag ni ti iṣẹ́ fífún àwòrán pọ̀ kó tó lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Mo gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, mo wo nọ́ńbà wọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: òdo. Gíráfíìkì: mẹ́rin. Encoding: 1,903 nínú férémù 10,800, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra nínú fídíò. Nínú férémù mẹ́fà tó yẹ káwọn èèyàn rí, ọ̀kan ti ṣègbé kó tó kúrò nínú yàrá mi. Gbogbo èébú tí mo ti bú òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo bú u láìṣẹ̀ láìrò ni.

Ryzen 3 3200G ni prósẹ́sọ̀, ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà náà: core mẹ́rin, thread mẹ́rin, bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Eré bọ́ọ̀lù yẹn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán, x264 tí OBS fi ń fún àwòrán pọ̀ tún gbé ìkòkò tirẹ̀ dé. Ààrò ò tó.

Ẹnìkan á ní kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí káàdì gíráfíìkì bá mi ṣe é. Mo gbìyànjú ẹ̀. RX 570 ni káàdì mi, kò sì mọ fídíò fún pọ̀ dáadáa ní ọ̀nà H.264 bí bitrate, ìyẹn ìwọ̀n dátà tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bá kéré: koríko pápá á dà rú bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbo. Bó bá jẹ́ káàdì NVIDIA ti ìran RTX lẹ ní, ẹ má wulẹ̀ náwó kankan, ẹ lọ yan NVENC, ẹ̀yà káàdì náà tó ń fún àwòrán pọ̀, nínú Settings OBS, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ pé kí n kàn gbé bitrate ga. 4500 kbps tí mò ń lò fún 720p ní férémù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti ń jẹ dátà tó 2 GB ní wákàtí kan, owó dátà ò sì dá ẹnikẹ́ni sí nílùú yìí.

Oríire mi ni pé B450 ni bọ́ọ̀dù mi, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́. AMD, iléeṣẹ́ tó ṣe Ryzen, ò pa sokẹ́ẹ̀tì AM4 tí prósẹ́sọ̀ ń wọ̀ lórí rẹ̀ tì kíákíá: bọ́ọ̀dù tó jáde ní 2018 ṣì lè gba Ryzen 5 5600 tó jáde ní 2022. Core mẹ́fà, thread méjìlá, 65 watt bíi ti àtijọ́, nítorí náà mi ò nílò láti pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń pín iná tàbí fáànù. Mo fẹsẹ̀ rin òpópónà Ọba Adésídà láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Láptọ́ọ̀pù pọ̀ bí erùpẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní prósẹ́sọ̀ onítábìlì yẹn nílẹ̀. Ọkùnrin kan wò mí, ó ní, "Oga mi, Èkó náà la ó pè." Mo bá pe Èkó fúnra mi. Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà, ni wọ́n ti rà á fún mi, wọ́n fi wébíìlì ránṣẹ́, ọkọ̀ gbé e dé ọjọ́ kejì. Kò ní páálí, inú ike kékeré kan ló wà. Níbẹ̀ nínú gáráàjì ni mo ti gbé e sókè sí oòrùn, mo ń wo abẹ́rẹ́ wúrà ìdí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bóyá èyíkéyìí tẹ̀, títí awakọ̀ fi bi mí bóyá wúrà gidi ni.

Ẹ má tíì yọ ti àtijọ́. Bọ́ọ̀dù tí BIOS rẹ̀, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, ti pẹ́ kò ní dá prósẹ́sọ̀ tuntun mọ̀, ojú mọ́nítọ̀ á kàn dúdú ni. Mo lọ sórí ìkànnì àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù, mo rí i nínú àtẹ wọn pé 5600 nílò BIOS tó tuntun ju tèmi lọ, mo wà á jáde, mo kó o sórí fláàṣì tí mo ti tò ní ọ̀nà FAT32 kí BIOS lè kà á, mo wọ inú BIOS lọ fi í sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà, ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mi ò lè mí dáadáa, torí bí iná bá lọ láàárín, bọ́ọ̀dù lè kú pátápátá. UPS ọ̀rẹ́ mi kan, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ, ni mo lọ yá, mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Iná ò lọ. Ìgbà tí mo parí, tí mo pa kọ̀ǹpútà, ni wọ́n tó mú un lọ.

Ibí gan-an ni mo ti ṣe àṣìṣe. Ó yẹ kí n dúró di ìgbà tí iná máa dé, kí n tan kọ̀ǹpútà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó gbóná, kí thermal paste, lẹ́ẹ̀ tó ń gbé ooru láti ara prósẹ́sọ̀ lọ sára irin fáànù, rọ̀ kí n tó tú u. Ara mi ò gbà. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, mo ti tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo yọ nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fa irin náà sókè. Ó dún "pọ́!" Mo yí i padà: prósẹ́sọ̀ ti bá a wá, ó lẹ̀ mọ́ ìdí irin bí ìgbín lára ògiri, ọ̀pá tó yẹ kó dì í mú nínú sokẹ́ẹ̀tì sì ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ ṣí i, ó yọ̀ bọ́ sórí tábìlì, abẹ́rẹ́ méjì ní igun kan tẹ̀.

Mo jókòó. Mo mu omi. Sokẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ tan iná sí, ó ṣì dára. Lẹ́yìn náà ni mo mú káàdì ATM mi, mo ki etí rẹ̀ sáàárín ìlà abẹ́rẹ́ tó tẹ̀, mo ń tì wọ́n díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ya irun ọmọ kékeré, títí wọ́n fi bá àwọn ẹgbẹ́ wọn dọ́gba. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ 5600 ló ṣe báyẹn, mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ò ní gbọ̀n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo fi spírítì nu paste àtijọ́ kúrò lára irin. Ó ti gbẹ di sìmẹ́ńtì, àǹtí onírun tó wà níwájú ilé wa ló yá mi ní dírayà kó tó rọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, irun ta lẹ fẹ́ gbẹ?" Mo gbé ọ̀pá sokẹ́ẹ̀tì sókè, mo fi ààmì igun mẹ́ta tó wà lára prósẹ́sọ̀ kọ ojú sí ti sokẹ́ẹ̀tì, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Bí kò bá wọlé fúnra rẹ̀, ohun kan ò tọ́. Paste tuntun, ó tó ẹ̀wà kan péré, sáàárín. Nọ́ọ̀tì irin fáànù, igun sí igun ni mo ń dì í, díẹ̀díẹ̀, kó má ba gba ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀.

Nígbà tí mo tàn án, ojú mọ́nítọ̀ dúdú fún bí ìṣẹ́jú kan, àyà mi já. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan yọ pé prósẹ́sọ̀ tuntun ni, ṣé kí òun tún fTPM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò sí, tò. Mo tẹ Y. Ẹni tó bá ti fi BitLocker ti díìsìkì rẹ̀ pa, kó rí i pé kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà wà lọ́wọ́ kó tó tẹ ohunkóhun níbẹ̀. Mọ́nítọ̀ kejì mi kò tàn rárá, mo ń wá wáyà kiri bí ẹni sọ owó nù, kí n tó rántí pé inú bọ́ọ̀dù ni mo ki wáyà rẹ̀ sí, 5600 ò sì ní gíráfíìkì tirẹ̀ bíi ti 3200G. Mo gbé e lọ sára káàdì, ó tàn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣe láìfù wákàtí kan gbáko, x264 ní veryfast; fast àti medium lọ́ra jù ú lọ, wọ́n ń fún àwòrán pọ̀ dáadáa sí i, iṣẹ́ wọn sì pọ̀ jù. Encoding lag: 11 nínú 216,000. Mo gbé e lọ sí fast, koríko pápá dùn ún wò, nọ́ńbà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sókè. Mo dán medium wò, OBS bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ẹrù ti pọ̀ jù, mo padà sí fast. Ooru prósẹ́sọ̀ ń lọ dé 79 ní ìwọ̀n Celsius nínú oòrùn ọ̀sán. AMD ní 90 ni òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n màá ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà náà, màá gbá eruku ọyẹ́ tó wà níbẹ̀ kúrò.

3200G tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wà nínú ike tí wọ́n fi gbé èyí tuntun wá. Mi ò tíì dán an wò. Àbúrò mi ti ní òun ló ni ín, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.