Ojú ọgbẹ́ kékeré, ìrora tí ò yé wa: ìbéèrè àti ìdáhùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn

Ìbéèrè: Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún mi. Ojú ọgbẹ́ náà ò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dìde jókòó, orí á máa fọ́ mi bíi kó là. Tí mo bá dùbúlẹ̀, á rọlẹ̀. Ṣé kí n kàn lo oògùn orí fífọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pe dókítà yín lónìí. Awọ tín-ín-rín kan ló di omi mọ́ àyíká àwọn iṣan inú eegun ẹ̀yìn, omi yẹn kan náà ló gbé ọpọlọ dúró. Tí awọ náà bá ya díẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ, omi á máa jò, ọpọlọ á sì máa wálẹ̀ tí ẹ bá nàró. Ẹ wo báńdéèjì yín dáadáa: ṣé omi tó mọ́ gaara ń rin ín? Títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ má gbé ẹrù, ẹ má fi ipá yàgbẹ́. Ìsinmi nìkan máa ń wo òmíràn sàn, òmíràn ń fẹ́ kí wọ́n tún un rán. Tí ibà tàbí ọrùn líle bá bá a wá, ọsíbítù ló kàn, ní wàrà-wéré.

Ìbéèrè: Àárọ̀ ni wọ́n ṣe ti bàbá mi. Láti ìrọ̀lẹ́, ìtọ̀ ò jáde mọ́, ẹsẹ̀ ń rọ̀ wọ́n, ìdí sì kú tìpìrì. Wọ́n ní ká jẹ́ kílẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ mọ́! Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti gbára jọ sínú, kó máa tẹ iṣan tó ń darí ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ẹsẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ wákàtí díẹ̀ lè ya ẹni tó máa rìn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ò ní rìn mọ́. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsíbítù báyìí, ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ pé ìtọ̀ ò jáde àti pé ìdí kú, kí wọ́n lè yára ya àwòrán MRI, ìyẹn àwòrán tó ń fi inú eegun ẹ̀yìn hàn.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ọgbẹ́ ti jinná. Ẹ̀yìn tó ti fúyẹ́ ti tún ń ro mí, pàápàá lóru.

Ìdáhùn: Kòkòrò àrùn lè ti wọ àárín eegun ẹ̀yìn méjì, kódà láìsí ibà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti MRI ni wọ́n máa fi wò ó. Ẹ má dá ra oògùn apakòkòrò lò, torí ó lè fi kòkòrò náà pamọ́ nínú àyẹ̀wò. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni ìrora ń gbà wálẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ìyẹn náà: ó lè jẹ́ pé díìsìkì, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, ló tún yọ.