Bá a ṣe ra ilé ní Richmond, Texas: ẹ má wo swimming pool, ẹ wo tax

Ọ̀rọ̀ ilé tá a rà yìí, àwọn ará ti bi mí títí, mo ti fi voice note ṣàlàyé dé ibi tó sú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ni tó bá tún bèèrè kàn kà á. Richmond ti Texas ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti Virginia, èyí tó wà lẹ́yìn Houston ní Fort Bend County.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Houston mọ̀ pé apá títì Bissonnet lọ̀pọ̀ nínú wa ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lọjà ilẹ̀ wa wà, ẹ̀lùbọ́, ẹja gbígbẹ, onígbàjámọ̀ tó mọ orí wa fá, gbogbo ẹ̀. Tí ọmọ bá wá pé méjì mẹ́ta, apartment ò ní gbà yín mọ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Katy, Rosenberg, Sugar Land lẹ́nu gbogbo èèyàn. Àwọn tó wà ní Fort Bend jẹ́ 585,375 ní census 2010, nígbà tó fi máa di 2020 wọ́n ti di 822,779. Ẹ gba orí Grand Parkway tí wọ́n ń pè ní 99 kọjá, pápá màlúù lọ́wọ́ ọ̀tún, òrùlé tuntun lọ rẹrẹ lọ́wọ́ òsì.

Ejẹ́ǹtì wa, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, a máa ń pè wọ́n ní Àǹtí. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a wọ ẹ̀sítéètì kan tí wọ́n ti gbé model home, ilé àfihàn, kalẹ̀, ilé ń ta sánsán, pool rèé, ibi ìṣeré ọmọdé rèé, adágún omi tí nǹkan ń tu omi sókè láàárín ẹ̀ rèé, ìyàwó mi ti ń wo ibi tó máa gbé sófà sí. Àǹtí fà mí sẹ́yìn, wọ́n ní "Daddy Tèmi, ẹ má jẹ́ kí pool yẹn wọ̀ yín lójú o, ẹ bi wọ́n ní tax rate." Mo bi ọmọbìnrin tó ń ta ilé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "bíi three."

Three yẹn, ìyẹn dọ́là mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là iye ilé lọ́dún, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Texas kì í gba owó orí lára owó oṣù yín, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ń gbà á, ara ilé làwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba tiwọn. County á gbà, school district á gbà, tó bá wá jẹ́ ẹ̀sítéètì tuntun, MUD náà á gbà. MUD yìí kì í ṣe ìjọba ìlú, àjọ kékeré kan ni tó ń bójú tó omi ẹ̀rọ, omi ìdọ̀tí àti gọ́tà, wọ́n á yá owó láti fi san ohun tí ẹni tó la ẹ̀sítéètì náà ná sórí páìpù, onílé lá máa san gbèsè yẹn díẹ̀díẹ̀ nínú tax. Ìdí nìyẹn tí tax ibi tuntun fi máa ń wọ́n ju ti ibi tó ti pẹ́ lọ, torí bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i ni gbèsè yẹn ń fúyẹ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣèṣirò: ilé tó jẹ́ $400,000, tí tax bá jẹ́ dọ́là 3.1 lórí ọgọ́rùn-ún, $12,400 lọ́dún nìyẹn. Ilé iye kan náà níbi tó ti pẹ́, tó jẹ́ 2.2, $8,800. Ìyàtọ̀ ẹ̀ $300 lóṣooṣù, tọkọ̀ kọ́ o, ti HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé ẹ̀sítéètì, kọ́. Ẹ má gba tẹnu ẹni tó ń ta ilé. Ẹ lọ sórí website Fort Bend Central Appraisal District, ẹ tẹ àdírẹ́sì sí i, gbogbo àwọn tó ń gba tax lórí ilẹ̀ yẹn á jáde. Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo ilé tá a wò nìyẹn, òun ló jẹ́ ká fi èyí tó ní pool tó rẹwà jù sílẹ̀.

Adágún tí mo sọ yẹn ńkọ́? Ẹwà nìkan kọ́ ló wà fún, ibi tí òjò ń ya sí ni kó má baà ya wọlé. Ilẹ̀ ibí tẹ́ pẹrẹsẹ, tí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá bá dé omi ò mọ ibi tó ń lọ, àwọn tó wà níbí ní August 2017 nígbà ìjì Harvey á sọ fún yín. Torí náà mo wo map ibi tí omi ń yalé ti FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjálù, mo tún dúró dìgbà tí òjò ńlá rọ̀, mo wakọ̀ lọ wo títì ibẹ̀ fúnra mi. Mo kan ilẹ̀kùn bàbá Mexico kan ní òpópónà kejì, mo bi wọ́n pé omi dé ibí nígbà Harvey? Wọ́n mú mi jáde, wọ́n fọwọ́ hàn mí lára kọ́ọ̀bù etí títì pé ibí ló dé, kò gun dúráífúwéè. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju map lọ. A ṣì ra ìnṣọ́ránsì omíyalé, torí ti ilé lásán kì í san owó omíyalé, ti ìjọba sì máa ń tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ò lè máa dúró dìgbà tí ìjì bá ti wà nínú Gulf.

Ẹ gba inspector bílé bá tiẹ̀ jẹ́ tuntun. Tiwa gun àjà lọ, ó bá páìpù fáànù ilé ìwẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e jù sí, kò já síta rárá, gbogbo ooru omi gbígbóná ì bá máa tú sínú àjà. Wọ́n tún un ṣe ká tó sáìnì.

Lẹ́yìn tá a kó wọlé, iná ló kàn. Fún àwa tá a mọ NEPA, ó máa ń yani lẹ́nu pé èèyàn lè ṣa ẹni tó máa ta iná fún un. Orí Power to Choose, website ìjọba Texas téèyàn ti ń fi plan iná wéra, ni mo lọ. Ẹ ṣọ́ra fún plan tó ní òun á dá owó padà tẹ́ ẹ bá lo 1,000 kWh, torí tẹ́ ẹ bá lo 990 lóṣù October tí AC ò ṣiṣẹ́ púpọ̀, kò sí nǹkan kan, bill á ga. Mo ka ìwé tí wọ́n ń pè ní Electricity Facts Label, mo mú èyí tí iye ẹ̀ ò yí padà fọ́dún kan. Wáyà fúnra ẹ̀ ti ilé iṣẹ́ CenterPoint ni, ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá ra iná lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ sì má ta jẹnẹrétọ̀ yín o, nígbà ìjì Beryl ní July 2024, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí iná lọ ní agbègbè yìí.

Lẹ́yìn náà mo pààrọ̀ àdírẹ́sì orí driver's license mi kíá, torí òun ni wọ́n máa wò fún homestead exemption, ìyẹn ẹ̀dínwó tax fún ẹni tó ń gbé inú ilé ara ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù yẹn o! Lẹ́tà á máa wọlé tó jọ ti ìjọba, wọ́n á ní kẹ́ ẹ san owó kí wọ́n bá yín fi í sílẹ̀, ẹ ya á dànù. Iye tí wọ́n ń yọ kúrò lára iye ilé kí school tó gba tax tiwọn, 2023 ni wọ́n gbé e dé $100,000, ní November 2025 àwọn ará Texas dìbò gbé e dé $140,000. Ó tún ń dí wọn lọ́wọ́ kí iye tí wọ́n á máa gba tax lé lórí má fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ròkè lọ́dún.

HOA, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ ka ìwé wọn. Tí garawa ìdọ̀tí bá dúró síta kọjá ọjọ́ ẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ẹni tó bá fẹ́ ta kánópì síwájú ilé nítorí ìsọmọlórúkọ kó bèèrè kọ́kọ́. Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń gba òpópónà wa kọjá déédéé, àgbàlagbà tí kì í wakọ̀ á sábà jókòó sílé ni, màmá mi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ, ilé sú wọn. Ohun tí wọ́n gbádùn ni láíbírì county, ọ̀fẹ́ ni, AC ń fẹ́, àwọn ọmọ ń kàwé, àwọn náà ń rí èèyàn wò.

Ó ku kan tó máa ń ba àwọn tó ra ilé tuntun lẹ́rù. Iye tí nǹkan jẹ́ ní January 1 ni wọ́n fi ń gba tax, ilé tuntun sì lè jẹ́ ilẹ̀ gbalasa lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà tax ọdún àkọ́kọ́ máa ń kéré, mortgage á rọrùn, èèyàn á ní ayé ti dẹrùn, tó bá wá di ọdún kejì, ilé ti wọ ìwé, báǹkì á kọ̀wé pé escrow yín, owó tí wọ́n ń kó jọ mọ́ mortgage láti fi san tax, ò tó, owó oṣooṣù á fò sókè. Àǹtí ti sọ fún wa, torí náà láti oṣù tá a kó wọlé la ti ń ya ìyàtọ̀ ẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àkáǹtì mìíràn. Nígbà tí lẹ́tà báǹkì dé, ìyàwó mi kàn fi sínú dúrọ́ọ̀, ó ní kí n ránṣẹ́ owó náà. Iye tí Appraisal District fi lé ilé ni èmi ń bá jà, mo to ti àwọn ilé tó jọ tiwa ní òpópónà wa jọ, mo fi protest, ìwé àtakò, sílẹ̀ kí May 15 tó pé, wọ́n sì bu díẹ̀ kúrò níbẹ̀.