Kí Ọkọ̀ Pákó Kékeré Má Baà Wọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Kan Ọkọ̀ àti Àwọn Tó Ń Gbéṣẹ́ Rẹ̀ Fún Káfíńtà ní Ẹ̀pẹ́

Ọkọ̀ tó wọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí ilẹ̀. Inú omi ló ti ń tú àṣírí ara rẹ̀. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ wà á yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lòun ń wà ṣáá, kí imú ọkọ̀ má baà yà wọ inú koríko. Ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì sí i yóò máa fi ọwọ́ tì í láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Èjìnrìn, epo á sì máa jó lásán. Tí wọ́n bá wá di ẹrù ẹja sí i, ẹ̀gbẹ́ kan á rì ju èkejì lọ.

Káfíńtà ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé ojú ni wọ́n fi wọn ọkọ̀ náà, wọn ò ta okùn sí i, wọ́n sì ti kan pákó abẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ abẹ́ pẹrẹsẹ tí a fi pákó kàn, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 20, ni ìwé yìí ń bá wí. Èyí tí a gbẹ́ nínú ìtì igi ní ìlànà tirẹ̀.

Pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì

Àwọn pákó ẹ̀gbẹ́ ló ń fún ọkọ̀ ní ìrísí. Tí a bá tẹ̀ wọ́n yí férémù àárín ká, ìyẹn igi tí a kàn pọ̀ tó ń la ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, èyí tó bá le ju èkejì lọ kò ní fẹ́ tẹ̀, yóò sì fa imú àti ìdí ọkọ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí a mú ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù kan lónìí, kí a mú èkejì níbòmíì lọ́la. Níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní méjì tí wọ́n là tẹ̀lé ara wọn láti inú ìtì kan náà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí apá ìdí igi lára méjèèjì, kí apá kan náà lè wà níwájú ọkọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ gbé pákó sókè, ẹ dijú kan, kí ẹ wo etí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Èyí tí kókó bá wà láàárín gbùngbùn rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ìrókò, ọ̀gànwó àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ dára. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, àmọ́ ó tètè ń jẹrà. Èmi kò ní fi ṣe ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ènìyàn máa jókòó sí. Tí igi bá ṣì tutù, ó sàn kí méjèèjì tutù ju kí ọ̀kan gbẹ kí èkejì máa ṣomi lọ.

Ibi tí ẹ ó gbé ọkọ̀ lé

Ẹ wá igi 2 × 6 méjì tó gùn ju ọkọ̀ lọ, ẹ fi igi kéékèèké dá wọn ní ìbú bí àkàbà. Orí rẹ̀ ni a ó dojú ọkọ̀ dé. Yanrìn etí ọ̀sà rọ̀ jù. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà ń lò tó láti fi mọ̀ bóyá ó dọ́gba, bí kò bá ti sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Lásìkò òjò, ilẹ̀ a máa rì mọ́jú, nítorí náà àràárọ̀ ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ta àtíbàbà sórí iṣẹ́ náà: oòrùn tó bá ń pa ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yóò mú kí pákó ibẹ̀ gbẹ kó sì ká kò.

Okùn ṣáájú tépù

Kí ẹ tó gbé férémù dúró rárá, ẹ fa ilà àárín sí ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fa irú rẹ̀ sí pákó ìdí ọkọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so pákó ẹ̀gbẹ́ mọ́ igi imú lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ sì ti fi okùn fa ẹ̀yìn wọn pọ̀, ẹ ta okùn ìwọ̀ le dáadáa láti àárín igi imú dé àárín pákó ìdí. Òwúrọ̀ ló dára jù fún un. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń tẹ okùn, yóò sì purọ́ fún yín.

Okùn yìí gbọ́dọ̀ gba orí ilà àárín férémù kọjá. Ẹ wá so pọ́lọ́ńbù (irin tó wúwo tí a so mọ́ okùn tínrín) mọ́ ọn, kó rọ̀ sílẹ̀ ní ojú férémù. Tó bá kan ilà lókè ṣùgbọ́n tó yà kúrò lára rẹ̀ nísàlẹ̀, férémù ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ yóò sì lọ́, ìyẹn ni pé àárín rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ kò ní tẹ́jú bákan náà.

Ẹ̀yìn èyí ni tépù kàn. Ẹ wọ̀n láti àárín igi imú dé kọ̀rọ̀ ìdí ọkọ̀ lọ́tùn-ún, kí ẹ wọn ti òsì. Ká ní ọ̀tún jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 17 àti íńṣì 9, tí òsì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 17 àti íńṣì 7. Íńṣì 2 ni wọ́n fi ju ara wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ti ọ̀tún síwájú ní íńṣì 2. Ìlàjì rẹ̀ ni: ọ̀tún á wá síwájú ní íńṣì 1, òsì á sún sẹ́yìn ní íńṣì 1. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún férémù àárín.

Ọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí tépù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Lára ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 18 tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tí gbogbo ìdí náà bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní odindi íńṣì kan, ìyàtọ̀ tí tépù máa fi hàn kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì. Ẹni tí kò ta okùn yóò sọ pé ó ti dọ́gba.

Ó ku bí a ṣe ń mọ ọkọ̀ tó lọ́. Ẹ gbé igi tínrín méjì tó tọ́ dábùú ọkọ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nídìí. Ẹ lóṣòó sẹ́yìn kí ẹ wò wọ́n pọ̀. Tí apá kan bá ga ju ti èkejì lọ, ẹ gbé ibi tó rẹlẹ̀ sókè kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Àwọn àgbà ní láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Lẹ́yìn tí abẹ́ bá ti wọlé, apá ò ní ká a mọ́.

Kíkan abẹ́ rẹ̀

Ẹ kan igi ìdábùú mọ́ orí férémù kó má lè mì. Ẹ má kan ọ̀tún tán kí ẹ tó kan òsì. Pákó kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, láti àárín lọ sí iwájú àti ìdí. Nígbà tí ẹ bá ń fi òwú dí ojú àlàfo, ìlànà kan náà ni, torí òwú tí a fi òòlù gbá wọlé máa ń ti pákó. Ẹ lo ìṣó tí kì í dípẹtà. Omi Ẹ̀pẹ́ kì í sábà níyọ̀ tó ti Èkó, àmọ́ ọkọ̀ tó bá ń lọ sí apá Ìkòròdú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò bá iyọ̀ pàdé. Igi ìdábùú kò gbọ́dọ̀ kúrò títí ìjókòó yóò fi wọlé.

Fún ẹni tó ń sanwó

Ẹ bá ọ̀gá káfíńtà sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé kó pè yín kó tó kan abẹ́, kí ẹ sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ náà. Ẹ mú tépù tiyín lọ́wọ́. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí èyí.

Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sómi, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òwúrọ̀ tí omi dákẹ́. Ẹ wọ̀n bí etí rẹ̀ ṣe ga sí omi lọ́tùn-ún àti lósì láìsí ẹrù nínú rẹ̀. Ẹ wá tì í síwájú láìfi àjẹ̀ kàn án. Èyí tó bá ń yà díẹ̀ ṣì lè rí ìtọ́jú: ẹ kan pákó kékeré kan mọ́ abẹ́ ìdí rẹ̀, lórí ilà àárín gan-an, kó lè máa mú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èyí tó lọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kun ún ní ọ̀dà.