Ọdún méjì lórí ẹran òkun tí kò lórúkọ

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń ṣe ní Bahia, ní Brazil, láti bí ọdún méjì, mo ní mò ń wá orúkọ fún ẹran òkun kan, wọ́n ní ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni? Mo ní rárá. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ká sòótọ́, kò tiẹ̀ jọ ẹran. Tó o bá yí òkúta etí òkun ní Itaparica, erékùṣù tó kọjú sí Salvador, níbi tí wọ́n ṣì ń gbé Egúngún jáde yẹn, wàá rí nǹkan funfun pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ òkúta bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Didemnum ni wọ́n ń pe ìdílé wọn. Kì í ṣe ẹyọ kan o, ìlú ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran tí ìkọ̀ọ̀kan ò ju bíi mìlímítà kan lọ jọ ń gbé nínú awọ kan, kálukú ní ẹnu tiẹ̀ tó fi ń fa omi, àmọ́ ihò kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn jọ ń tu ú jáde sí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kó, inú fọ́málínì ni mo jù ú sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo wọn bá ká jọ bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ó yẹ kí n ti fi mẹ́ńtọ́ọ̀lù sínú omi òkun kí wọ́n kọ́kọ́ sùn, kí n ya fọ́tò kí àwọ̀ wọn tó ṣí, kí n gé díẹ̀ sínú ẹtanọ́ọ̀lù fún DNA. Ìkejì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò fi bọ́rásì, ìyẹ̀fun tí kì í jẹ́ kó kan, sínú fọ́málínì. Didemnum ní àwọn ẹ̀gún tíntìntín bí ìràwọ̀ nínú awọ, irú nǹkan tó wà lára ìkarahun ìgbín náà ni, fọ́málínì sì máa ń kan tó bá pẹ́, kíkan yẹn jẹ gbogbo ẹ̀gún mi tán. Ọ̀gá mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn nawọ́ sí ike bọ́rásì lórí pẹpẹ. Ojú tì mí jàre.

Láti rí ẹ̀gún yẹn, gé awọ díẹ̀ sínú jíìkì, jíìkì á jẹ ẹran ara tán, ẹ̀gún á sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹ̀lùbọ́. Fífi abẹ́rẹ́ méjì yọ ẹran kọ̀ọ̀kan lábẹ́ máíkíróskóòpù ló fẹ́ fọ́ mi lójú, mo bà bí ogún jẹ́ kí n tó rí ẹyọ kan tó pé. Mo ka ìlà ihò tó fi ń sẹ́ omi, mẹ́rin ni. Ká ní mẹ́ta ni, Trididemnum, ìbátan Didemnum, ni ì bá jẹ́. Òpó àtọ̀ rẹ̀ náà sì lọ́ yí kórópọ̀n ká bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́, ti Lissoclinum, ìbátan wọn mìíràn, gbọnrangandan ló máa ń lọ.

Àmọ́ ta ló sọ pé tuntun ni? Láti 1816 tí Savigny, onímọ̀ nípa ẹran ará Faransé, ti dá orúkọ Didemnum sílẹ̀ ni wọ́n ti ń fi orúkọ kún orúkọ, o sì gbọ́dọ̀ ka ìwé wọn, ti Faransé, ti Jámánì, ti Potogí. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni Didemnum perlucidum tí Françoise Monniot kọ ní 1983 láti Guadeloupe, ó wà káàkiri etí òkun Brazil, òun náà funfun. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá ọ̀nà tí tèmi fi máa jẹ́ ti ẹlòmíì. Iye ìgbà tí òpó yẹn lọ́ àti ìrísí ẹ̀gún ló yà wọ́n, ojú lásán ò lè rí i. DNA náà kọ́kọ́ ṣorí kunkun, primer Folmer ti 1994, ègé DNA kékeré tí gbogbo ayé fi ń fa DNA ẹran jáde, ti bakitéríà ló ń gbé wá fún mi.

Òfin ìsọrúkọ ẹran ní ẹyọ kan ṣoṣo ni kó jẹ́ holotype, ìyẹn èyí tí orúkọ náà so mọ́. Tèmi náà, ẹyọ kan ni, odindi ìlú nínú ìgò kan, òfin gbà bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ńkọ́? Mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó jáde ṣáájú ìwé tí mo fi máa kéde rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún àwọn nìkan, mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ọjọ́ kẹjọ ò tíì pé.