Ẹ Kọ Ọ́ Lójú Ẹsẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Gbẹ̀bí ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò) tẹ́ ẹ wà ní Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà àti Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, torí a mọ̀ pé ẹlòmíì nínú yín ló ń dá gbẹ̀bí lóru tó tún máa fọ yàrá ìbímọ láàárọ̀. Ìwé yìí ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Nǹkan kan ṣoṣo la bá wá: ẹ̀ ń kọ àkọsílẹ̀ yín lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, ó sì ń pa èèyàn.

Obìnrin kan ló kú tí wọ́n fi ní ká kọ ìwé yìí. Ó bímọ ní hẹ́ẹ̀lìtì sẹ́ńtà, ẹ̀jẹ̀ ò dá, wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá. Dókítà ní aago mélòó ló bí, wọn ò mọ̀. Abẹ́rẹ́ wo lẹ ti fún un, wọn ò mọ̀. Ọkọ ẹ̀ ló ń sọ pé "ó ti ṣe díẹ̀ sẹ́yìn." Lọ́jọ́ kejì ni káàdì ìrọbí (partograph, ìwé tí wọ́n fi ń tọ ìrọbí láti wákàtí dé wákàtí) ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó kún fọ́fọ́, ó mọ́ tónítóní.

Gbogbo wa la mọ irú káàdì bẹ́ẹ̀. Bírò kan náà látòkè délẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, ọkàn ọmọ 140, 140, 140, 140 fún odidi wákàtí mẹ́fà. Ọkàn ọmọ wo ló ń lù báyẹn? Èyí tí wọ́n kọ lójú ẹsẹ̀ máa ń dọ̀tí díẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ á máa lọ sókè sódò, 132, 146, 138, bírò á yí padà níbi tí ẹni tó gba iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, omi tiẹ̀ lè ti kán sí i. Káàdì tó dọ̀tí yẹn la fẹ́. Àgbẹ̀ tó bá délé kó tó máa ka ebè tó kọ, àròsọ ló ń kà.

Ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí. Káàdì tuntun tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) gbé jáde lọ́dún 2020 bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ṣí dé 5 cm, ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 4 cm. Èyí tí wọ́n bá kó fún yín ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Ọkàn ọmọ, ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, tí ìyá bá ti ń ti ọmọ jáde, ìṣẹ́jú 5-5. Ìrọbí, ẹ ka iye ìgbà tó ń mú un fún ìṣẹ́jú 10 gbáko ní gbogbo ìṣẹ́jú 30. BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) àti ara gbígbóná, wákàtí 4-4. Ẹnu ilé ọmọ, wákàtí 4-4, kì í ṣe ìgbàkígbà tí ìyá ọkọ bá yọjú béèrè pé ṣé ó ti kù díẹ̀. Tí ọkàn ọmọ bá lọ sísàlẹ̀ 110 tàbí tó dé 160, ẹ kọ ọ́, ẹ yí i ká, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sí i síwájú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí i ká lásán tẹ́ ẹ ò ṣe nǹkan kan, kò sí ìwúlò.

Ó wá kan ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Oxytocin, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù, yúníìtì 10 sínú ẹran itan láàárín ìṣẹ́jú 1 tọ́mọ bá ti jáde, ẹ kọ aago náà kẹ́ ẹ tó ju síríńjì nù. Inú fíríìjì tó wà láàárín 2 sí 8°C ló yẹ kó máa wà, tí iná bá ti lọ fún ọjọ́ mélòó kan tí ẹ ò sì ní áìsì, ẹ má tan ara yín jẹ pé abẹ́rẹ́ wà, oògùn oníhóró tó ń jẹ́ misoprostol, máíkírógíráàmù 600, lẹ máa fún ìyá kó gbé mì. Lẹ́yìn náà ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Ojú kì í rí i tán, ìdajì ni ojú ń rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wọn páàdì àti aṣọ ní gbígbẹ lórí síkéèlì, ẹ kọ ọ́, ẹ tún wọn wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò, gíráàmù 1 jẹ́ bíi ml 1. Tó bá dé ml 500, ẹ ti wà nínú wàhálà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ẹ sì wá ọkọ̀. Lọ́dún 2025 WHO tún fi kún un pé tó bá ti dé ml 300 tí BP tàbí bí ọkàn ìyá ṣe ń lù ti ń yí padà, kẹ́ ẹ má dúró de 500 mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán o, ìwádìí E-MOTIVE tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Sáúùtù Áfíríkà, tí àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2023, fi hàn pé níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ dáadáa tí wọ́n sì fún ìyá ní gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, ewu ńlá tó ń ti ìsun ẹ̀jẹ̀ wá dín kù ní 60%.

Tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, gíráàmù 1 ní tiẹ̀, láàárín wákàtí 3 tó bímọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un. Ẹ wá sọ fún wa, tẹ́ ẹ ò bá kọ aago tó bí, ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá wákàtí 3 ti kọjá? Ohun tó bá obìnrin yẹn nìyẹn. Torí náà aago ògiri gbọ́dọ̀ wà ní yàrá ìbímọ, kó bá ti fóònù mu, kó sì ní bátìrì. Bírò méjì, ẹ fi okùn so wọ́n mọ́ tábìlì.

Ìwé tó bá ìyá lọ sí ọsibítù ńlá: aago tó bí, iye ẹ̀jẹ̀, oògùn àti aago tẹ́ ẹ fún un, BP tó kẹ́yìn. Ìlà mẹ́rin péré. Ẹ má kọ "a gbé e wá fún ìtọ́jú síwájú sí i" kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i, ìyẹn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Rẹ́jísítà àti fọ́ọ̀mù ìparí oṣù náà ńkọ́? Láti rẹ́jísítà yín ni fọ́ọ̀mù ti ń jáde, látibẹ̀ ni ọ̀gá M&E (ẹni tó ń bójú tó àkọsílẹ̀) ní ìjọba ìbílẹ̀ ti ń kó o sórí DHIS2, ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ìlera pọ̀ sí lórí kọ̀ǹpútà. Tí ẹnikẹ́ni ò bá kú lóṣù yẹn, ẹ kọ 0. Àyè òfìfo kì í ṣe 0, ohun tó túmọ̀ sí lórí kọ̀ǹpútà ni pé ẹ ò sọ nǹkan kan. Ọmọ tí wọ́n gbé wá látoko tí wọ́n bí sí abà, ẹ kọ òun náà, kẹ́ ẹ kọ pé ilé ni wọ́n bí i sí. Ìwọ̀n ọmọ, ẹ gbé e sórí síkéèlì, ẹ yéé kọ 3.0 kg fún gbogbo ọmọ, ọmọ tí kò tó 2.5 kg wà lára wọn tẹ́ ẹ ń fi 3.0 bò mọ́lẹ̀. Tí ìyá bá kú sọ́dọ̀ yín, ìròyìn gbọ́dọ̀ jáde láàárín wákàtí 24, tó bá jẹ́ nílé, wákàtí 48. A mọ̀ pé ẹ̀rù ọ̀gá ń bà yín, ṣùgbọ́n ìpàdé tí wọ́n fi ń yẹ ikú ìyá wò kò wà fún ìjìyà, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìwádìí NDHS (ìwádìí ìlera ìdílé jákèjádò Nàìjíríà) ti 2018 sọ pé nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, ìyá 512 ló ń kú. Gbogbo Nàìjíríà nìyẹn o, kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìsánlú tàbí Ìyàrà. Rẹ́jísítà yín nìkan ló lè sọ ọ́, tó bá jẹ́ òótọ́ ló wà nínú ẹ̀.

Fún ẹ̀kọ́: Safe Delivery App ti Maternity Foundation, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá ti dáńlóòdù ẹ̀ tán kò nílò dátà mọ́. Ẹ ṣe é nígbà tẹ́ ẹ bá wà ní Kàbà tàbí níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti dáa, kẹ́ ẹ tó padà sí wọ́ọ̀dù yín. Fídíò Global Health Media náà ṣeé gbé sórí fóònù, ẹ máa wo èyí tó sọ bí wọ́n ṣe ń ran ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti mí léraléra, torí ìṣẹ́jú 1 àkọ́kọ́ tọ́mọ bá jáde ni gbogbo ẹ̀ wà. WHO náà ní kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n sátífíkétì ò ní kọ káàdì fún yín. Lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá parí kọ́ọ̀sì, kí ọ̀gá yín mú káàdì 5 tó kẹ́yìn, kó wo bóyá 140 ṣì ń tò tẹ̀léra.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má jókòó lóde lásán. Ẹ mú káàdì aboyún dání, tí ọmọ bá ti ké, ẹ wo aago fóònù yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé "màmá, ṣé ẹ ti kọ ọ́?", kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí yín.