Gálárì lọ́sàn-án, bístírò Faransé lálẹ́: àwọn àṣìṣe tó ń ba ọjọ́ náà jẹ́

Kéèyàn wo iṣẹ́ ọnà ní gálárì àdúgbò, kó wá jókòó jẹun sí bístírò Faransé, ìyẹn ilé oúnjẹ kékeré, ìgbádùn gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn má mọ aago ilé ìdáná. Bístírò tó bá tẹ̀ lé ìṣe Faransé kì í dáná láti àárọ̀ dalẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago 12, tó bá sì ti di aago 2 kọjá díẹ̀, wọ́n á palẹ̀ mọ́. Ó di nǹkan bí aago 7 alẹ́ kí wọ́n tó tún dáná. Ẹni tó bá ti gálárì jáde ní aago 3 tòun tebi, kọfí ni yóò mu. Ẹ má sì kàn gbéra lọ́jọ́ Ajé láìbéèrè, torí ọ̀pọ̀ gálárì kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris, pàápàá kì í ṣí.

Ẹ má kọ́kọ́ jẹun yó. Bọ́tà, ẹran àti wáìnì á mú kí oorun máa kun yín níwájú àwòrán.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí àwọn kan ṣe ń sáré kọjá lára àwòrán bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ mú mẹ́ta péré, kí ẹ dúró ti ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí ipa búrọ́ọ̀ṣì, ibi tí ọ̀dà ti ki, àti ibi tí ayàwòrán ti yí èrò padà tó kun òmíràn lé e. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sọ nídìí oúnjẹ nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Òróró ìka a máa ba ọ̀dà jẹ́. Èyí tí wọ́n bá sì lẹ àmì pupa roboto mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ti tà á nìyẹn.

Ní bístírò, ẹ má fojú fo oúnjẹ òòjọ́ tí wọ́n fi ẹfun kọ sára pátákó. Tí ìwé owó oúnjẹ bá pẹ́, ẹ má bínú. Wọ́n ń dúró kí ẹ béèrè ni.

Ẹ má sì fojú kéré àwòrán ara ògiri ibẹ̀. Ilé oúnjẹ kan ní Paris ni ayàwòrán Vincent van Gogh kó iṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ sí ní 1887. Ẹ béèrè ẹni tó ya èyí tó wà níwájú yín. Ó lè jẹ́ títà.